Ẹja Ìgbéyàwó Orí Àjà

Abúlé Nà Hua,
Ẹ̀bá Odò Nậm Hua,
Sơn La.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 2012.

Ìyá Thoan, ọ̀rẹ́ mi àtikékeré,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá Thoan ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbóògùn? Thoan, ọkọ ìyàwó wa, ńkọ́? Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ẹ ó ṣe é láṣeyọrí. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìrẹsì ti ń pọ́n lóko. Orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà tí mo bá ń gun àkàsọ̀ ilé orí òpó wa.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sí mi nípa ẹja odò gbígbẹ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé lọ sílé ìyàwó. Áà, ìyá àgbà ìyàwó yín yìí kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré! "Ẹja adágún ò ní gun àkàsọ̀ ilé mi láéláé!" Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó yá, ẹkún ni mo bú sí. Àwa la wá ń wá ẹja odò kiri báyìí? Ṣebí ìyá wa á ti gbé ìkòkò kaná kí wọ́n tó rán wa lọ sódò!

Ṣé o rántí? Ìwọ á di àwọ̀n mú, èmi á máa yí òkúta, ẹja á máa sá wọlé. Ọjọ́ kan, o fi eyín di ẹja mú kó má bàa bọ́, ìyá rẹ ní, "Ẹ wá wo ológbò mi!" Ológbò la sì ń pè ọ́ títí o fi relé ọkọ. Wọ́n la ẹja náà lẹ́yìn, wọ́n rọ́ ata igbó àti ewé sínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ ẹ po, wọ́n fi ọparun há a, wọ́n yan án lórí ẹ̀yinná. Mi ò tíì jẹ irú ẹ̀ mọ́. Àtìgbà tí wọ́n ti sé odò ńlá, omi ti bo abúlé yín àti òkúta wa. Ibú tó wà lókè lọ́dọ̀ wa níbí nìkan ló kù.

Mo lọ bá Bàbá Lường, tó ń ṣọ́ ibú náà. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀ títí a ó fi kórè tán. Ó ní, "Ìyá Panh, tí mo bá ṣí i fún ọ lónìí, ta ni n ó tì í mọ́ lọ́la?" Mo ní ìgbéyàwó ò lè dúró de ìkórè. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo bá wọn mú ọjọ́ ni?" Arúgbó alágídí! Àmọ́ ká ní kì í ṣe tirẹ̀ ni, ẹja ì bá ti tán níbẹ̀.

Mo ń bínú bọ̀ nílé ni Panh ọmọ mi pè mí láti Hanoi. Òun náà fẹ́ gbéyàwó! Mo hó yèè. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdọọdún, tí wọ́n bá ṣí ibú lẹ́yìn ìkórè, ni mo ń kó ẹja ìgbéyàwó rẹ̀ sórí àjà, lókè àrò. Tí èyí tó pẹ́ bá ń bàjẹ́, màá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹja rẹ ti gbẹ, ó ń dán!" Ó wá ní, "Màmá, ẹ má bínú. Òtẹ́ẹ̀lì la ti fẹ́ ṣe é. Àwọn àna mi ò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà wọ aṣọ yín tó dáa wá." Kò bú mi o, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó dùn mí dénú egungun. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, ẹkún ni n ó fi gé e.

Mo jókòó ti àrò, mo ń wo apẹ̀rẹ̀ ẹja náà lórí àjà. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sè é fún ajá. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo ti la gbogbo wọn, kò síkùn kan tó ya, bí àṣà ẹja ìgbéyàwó ṣe fẹ́. Ti Thoan ni wọ́n báyìí. Kí ìyá àgbà yẹn wá fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn wọn!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wakọ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá. Má wulẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ẹja ò sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó gbé e wá. Má san nǹkan kan fún mi. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: lọ́jọ́ náà, jẹ́ kí èmi gbé apẹ̀rẹ̀ náà gun àkàsọ̀ ilé ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fọkàn gbé e gùn ún. Orúnkún mi á gbà fún mi lọ́jọ́ kan yẹn.

Bá mi kí Bàbá Thoan, kí o sì kí ọkọ ìyàwó wa.

Èmi tìrẹ, ẹni tó ń bá Ológbò yí òkúta,
Ìyá Panh.