Ògiri Amọ̀ Tí Mùíz Pè Ní Búlọ́ọ̀kù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń kọ́ ní Ọ̀fà.

Oníbàárà wa, Mùíz, ní búlọ́ọ̀kù ni ògiri ìdáná ìyá òun. A kò gbẹ́ ẹ wò ká tó kan kábínẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni! Kábínẹ́ẹ̀tì já, ó ṣẹ́ ìyá náà léjìká.

Mùíz gbé òòlù wọ ṣọ́ọ̀bù, ó là á mọ́ ọ̀gá mi lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú wọn. Mo gba òòlù náà, mo fi fọ́ Mùíz lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi ní, "Àwa la jẹ̀bi ògiri. Bí o ò bá dọ̀bálẹ̀ fún Mùíz, o ò ní gba fírídọ̀mù."

Mo ní, "Kó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín ná!"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló yẹ kó bẹ ta?