Omi Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Kẹta
Àwa ẹgbẹ́ ayẹ-omi-wò tún dé etí odò láàárọ̀. Bébà tí a rì bọ omi yọ àwọ̀ ewé — omi dára. Alága wa (Olóòótọ́ ni mo ń pè é níbí) pàtẹ́wọ́. Kí ló wá dé tí ara ọmọ àbúrò mi ń bó? Omi odò yìí náà ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́. Iléeṣẹ́ ọṣẹ sì wà lókè odò.

Ọjọ́rú, 7
Mo dá lọ. Omi ń hó bí abọ́ ìfọṣọ. Bébà dúdú bí aró. Mo tún un ṣe — aró. Mo ní kí àbúrò mi má fi wẹ ọmọ mọ́. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń lọ pọnmi báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 8
Olóòótọ́ ò ka tèmi kún. Ọjọ́ tí a bá kéde nìkan ni àyẹ̀wò. Mo bi í níbo ló ń lẹ ìkéde ọ̀hún mọ́. Ó ní gbogbo ibi, títí kan géètì iléeṣẹ́ ọṣẹ, kí wọ́n má baà sọ pé à ń yọ́ kẹ́lẹ́! Háà. Ta ní í ránṣẹ́ sí olè pé òun ń bọ̀ wá ṣọ́ ọ? Mo ní ká lọ lọ́jọ́ tí wọn ò retí wa. Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ìwé ti pọ̀ jù lórí yín. Àwa kì í ṣe ọlọ́pàá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Àwọ̀ ewé. Àtẹ́wọ́. Mi ò pa tèmi.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Olóòótọ́ kò gba rìbá o. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ṣé ẹni tí kò purọ́ rí là ń pè ní olóòótọ́, àbí ẹni tí kò jẹ́ kí irọ́ gba ọwọ́ òun kọjá? Mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19
Iléeṣẹ́ ọṣẹ ri pátákó sétí odò: OMI YÌÍ MỌ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wa wà nísàlẹ̀ rẹ̀! Olóòótọ́ ló fọwọ́ sí i — ó ní ṣebí òótọ́ ni. Mo bá àbúrò mi níbẹ̀, ó ń bomi sọ́mọ lára. Mo lọgun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Mo fi ọ̀dà pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ MÁ FI OMI YÌÍ WẸ ỌMỌ. Orúkọ èmi nìkan ló wà nísàlẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Olóòótọ́ ti ránṣẹ́ pé wọ́n ti yọ mí lẹ́gbẹ́. Iléeṣẹ́ ọṣẹ ní ilé ẹjọ́ ló kàn.
Àbúrò mi ka pátákó náà, ó wò mí, ó gbé garawa òfìfo rẹ̀ kọjá, ó forí lé ọ̀nà jíjìn.
Àwọn tó kù ń pọnmi lọ.