Àwa Mẹ́ta àti Iná-Kú

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Wọ́n gbé e dé láti ẹ̀wọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń pè é. Èmi ń pè é ní Iná-Kú – inú ìwé yìí nìkan o. Ó fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná jó ọwọ́ ọmọbìnrin aránṣọ kan nínú ìjọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà? Ó rẹ́rìn-ín níbi tí Ìmọ́lẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ náà sá, ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí àwa dókítà ọpọlọ mẹ́ta sọ bóyá orí ọkùnrin yìí pé. Tá a bá ní kò pé, á lo oògùn díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, á sì padà sílé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá-Ló-Fà-á ni mo sọ ọ́, torí kò sí àìsàn tí kì í di ẹ̀bi ìyá aláìsàn lẹ́nu rẹ̀. Omijé wà lójú ọ̀gá nígbà tó jáde. Ìyá Iná-Kú kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́ta! Ọ̀gá ní, "Ṣé mi ò sọ?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Ó kan Ó-Forí-Gbá, dókítà kejì. Tiẹ̀ ni pé ìwà burúkú kò sí, orí tó fara pa ló wà. Àṣé Iná-Kú já bọ́ látorí igi nígbà tó pé ọmọ ọdún méje! Ta ló gbé e dìde? Ìyá rẹ̀. Èyí tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lánàá.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Ìpàdé. Ọ̀gá ní ìyá ni. Ó-Forí-Gbá ní igi ni. Mo ní ká lọ bi igi. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ohun tí kálukú fẹ́ gbọ́ ni Iná-Kú ń bù fún un, èmi nìkan ló sì rí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Ó kàn mí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin nìkan ni mi ò lè tàn jẹ níbí." Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà gbọ́n.

Ìṣẹ́gun
Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó ní ohun tóun náà sọ nìyẹn kí n tó gbà láti fẹ́ òun. Kí ló mọ̀ nípa ọpọlọ?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Iná-Kú fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aránṣọ. Ó ní níṣojú mi lòun fẹ́ ṣe é, torí èmi á mọ̀ tóun bá ń purọ́. Ó-Forí-Gbá ní kò bójú mu. Ìlara ni. Mo pe ọmọ náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fẹ́ rí i." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo wà níbẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó wá, ó fi ìborùn bo ọwọ́. Iná-Kú ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó. Ló bá di pé ọmọ náà kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Bàbá, mo rẹ́rìn-ín." Mo jókòó, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iná-Kú mi orí sí mi bí ẹni tó ń yìn mí, inú mi sì dùn. Inú mi dùn! Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Nígbà tí aránṣọ ń lọ, ó rọra bi mí ní ẹnu ọ̀nà: "Mà, ìgbà wo lẹ̀yin wọ ìjọ?"

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo kọ tèmi: orí rẹ̀ pé, ó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀gá ní ẹ̀rí dà? Mo ní èmi rèé. Mo pe aránṣọ láti sọ fún un. Ìyá rẹ̀ ló gbé fóònù. Ó ní láti Àbámẹ́ta lọmọ òun ti kó ẹrù padà sínú ìjọ. Ó ní dókítà wà níbẹ̀, dókítà ò sì sọ pé ó burú.