Òkúta Roxanne Níwájú Ilé Mi

Èmi, Glenda Fay Hostetler, tí mò ń gbé ní òpópónà Sycamore, ìlú Harlan Falls, ní Ohio, ni mo sọ ohun tó wà nínú ìwé yìí. Orí mi pé. Orúnkún mi ni dókítà ní ó ti bàjẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ. Ìwé ìhágún tí mo fi ìbínú kọ sẹ́yìn káàdì Kérésì, mo fagi lé e. Becca ọmọ mi ni kó bá mi pín ogún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jà, kó lọ bá Becca, ohùn ẹ̀ ròkè.

Ìkíní. Ilé tí mò ń gbé yìí, bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fi í fún Becca. Kí Merle, ọkọ mi, máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ tiẹ̀ náà á fi pé, kó sì máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkejì. Ajá mi, Biscuit, di ti Merle. Àwọn méjèèjì ló jọ ń sùn lórí àga mi, kò sí èyí tó ń gbọ́ tèmi nínú wọn.

Ìkẹta. Ìkòkò irin tí mo fi ń se ẹ̀wà aláta, Becca ló ni ín. Roxanne tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà kan. Mo ní mi ò mọ ibi tó wà. Orí iná ló wà, ó ń hó.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Roxanne jẹ́. Òun ni Merle kọ́kọ́ fẹ́. Ká sọ pé inú ilé ló wà ni, ǹ bá máa pè é ní ìyálé mi. Kò sí nínú ilé. Iwájú ilé ló wà.

Ìkẹrin. Àwọn òkúta sàréè. Ẹ má jáyà, fóòmù ni wọ́n. Merle máa ń ra fóòmù líle aláwọ̀ pínńkì tí àwọn kọ́lékọ́lé ń tò sínú ògiri nítorí òtútù. Á gé orí ẹ̀ roboto, á fi ọ̀bẹ iná gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i lára, á kùn ún bí òkúta, á wá rì í mọ́ koríko iwájú ilé tí Halowíìn, ọdún iwin tí wọ́n ń ṣe níparí oṣù kẹwàá, bá ń bọ̀, káwọn ọmọdé lè rí nǹkan bẹ̀rù. Ọ̀kan wà fún onígbàjámọ̀ wa tó kó lọ sí Florida: Ó NÍ ETÍ IRUN LÁSÁN LÒUN Á GÉ. Ọ̀kan wà fún pásítọ̀ tó lọ sí ìjọ ńlá: Ó KU Ọ̀RỌ̀ KAN ṢOṢO KÓ PARÍ ÌWÀÁSÙ. Èyí tó wà níwájú gbogbo wọn, tó lẹ́wà jù, ló ní: ROXANNE. Ó NÍ ÒUN FẸ́ LỌ RA MÍLÍÌKÌ.

Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ó ní òun ń lọ ra mílíìkì, ìlú Tucson, lọ́nà jíjìn réré, ló ti pè. Ara ẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹwàá bá ti dé, á wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nílùú yìí, á sì yà wá ya fọ́tò pẹ̀lú òkúta ẹ̀. Á gbé apá lé e léjìká bí ẹni pé wọ́n jọ lọ síléèwé. Merle ló máa ń yà á. "Kọjú sí oòrùn díẹ̀, Rox." Rox. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, Glenda gbọọrọ ni mò ń jẹ́.

Lọ́dún kan mo gbé ọ̀dà agolo, èyí tí wọ́n ń fín, mo bọ́ sórí koríko lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan fóòmù ló mọ̀ pé ọ̀dà yẹn máa ń jẹ ẹ́ bí ásíìdì. Ìdí nìyẹn tí Merle fi ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun tiẹ̀. Mo ní kó jẹ Roxanne tán. Merle jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu kọfí.

"Glenda, kí lo wá ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tún un kùn ni."

"Ó dáa. Má gbàgbé ẹ̀yìn ẹ̀ o."

Fóòmù náà yọ́ lóòótọ́. Ó lu ihò wínníwínní, ó sán, ó gbó, ó wá dà bí òkúta tójò ti ń pa láti ayé bàbá ńlá wa. Òun ni ìlú fún ní ríbọ́nì ipò kìíní ọdún yẹn. Wọ́n gbé àwòrán ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó kùn ún. Láti ìgbà náà, bí Merle ṣe ń kun gbogbo wọn nìyẹn, ó sì ń sọ fáwọn èèyàn pé ṣe ló kàn sọ sí òun lọ́kàn. Tí Halowíìn bá ti parí, kí Becca máa gbé òkúta Roxanne sínú gáréèjì, kó kọjú ẹ̀ sí ògiri.

Ìkarùn-ún. Mo ti bi Merle pé, "Tèmi ńkọ́?"

"Tìẹ kẹ̀? Ṣé o ti kú ni?"

"Ṣé Roxanne kú?"

"Jọ̀ọ́, nawọ́ iyọ̀ yẹn sí mi."

Mo wá ra fóòmù fúnra mi, ó nípọn ju ti Roxanne. Ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ. Tí Halowíìn ọdún yìí bá pé tí kò sí òkúta tó ní orúkọ mi níwájú ti Roxanne, gáréèjì tí Merle ti ń gbẹ́ wọn àti ọ̀bẹ iná àti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ di ti Becca, kó máa kó bàtà sí i.

Ìkẹfà. Lọ́yà ní ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún mi. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bá pe Roxanne lórí fóònù nílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo ní kó máa bọ̀, páì elégédé wà nínú ààrò.

Ìkeje. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ èyí, lórí tábìlì ìdáná, lójú Roxanne. Ó ti mú bírò kó tó ka ìkarùn-ún. Páì kún ẹnu ẹ̀.

"Glenda, ṣé èyí ló ń dùn ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi náà bẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní òun ò lè gbẹ́ òkúta ẹni tóun ṣì ń bá jẹun. Ìgbà tí mo dé Tucson ló gbẹ́ tèmi. Lọ wo ìta. Ta ló wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹni tó fi í sílẹ̀ lọ?"

Mo dìde, mo wo ìta lójú fèrèsé. Onígbàjámọ̀. Pásítọ̀. Roxanne. Ohun tó dùn mí jù ni pé Roxanne ló ṣáájú mi mọ ìdí ẹ̀.

Nítorí náà, mo fagi lé ìkarùn-ún. Gáréèjì di ti Merle, pẹ̀lú ọ̀bẹ iná àti gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fóòmù mi, kó dúró síbi tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí Merle má fọwọ́ kàn án níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń nawọ́ iyọ̀ sí i. Ọjọ́ tí mo bá lọ, kó gbẹ́ ẹ. Ohun tó bá wù ú ni kó kọ.

Ṣùgbọ́n kó ga ju ti Roxanne lọ. Mo ti wọn tiẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Harlan Falls, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Glenda Fay Hostetler

Àwọn tó rí mi tí mo fọwọ́ sí i:
Dwight Sauer, aládùúgbò
Roxanne Pell, ará Tucson, tí kò jogún nǹkan kan