Katakata Yín Kò Wọ Oko Yín, Bàbá Marwa

Ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Bàbá Marwa. Ọdún mẹ́rin tí mo ti ń dá jí, tí mo ń dá jẹun, tí mo ń dá ronú. Ti ìrònú yìí ló le jù. Nígbà tí ẹ wà, ẹ̀yin lẹ ń pinnu, èmi ni mò ń rí àléébù ibẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ní báyìí èmi ni mò ń pinnu, èmi náà ni mò ń bú ara mi.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín. Marwa ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti parí ìwé rẹ̀ l'Ọ́wọ̀, ó sì padà wálé wá ṣe àgbẹ̀. Gbogbo ẹbí ló pariwo lé e lórí. Èmi náà pariwo díẹ̀ kí wọ́n má baà ní mo ń kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Rídwàn ti wọ yunifásítì, kajú yín ló ń rán an lọ. Ilé ẹ̀yìn tí ẹ fi ògiri rẹ̀ sílẹ̀ ti ní òrùlé. Òjò kì í wọ̀ ọ́ mọ́ àfi ní igun kan, káfíńtà sì ti ń sọ pé òun ń bọ̀ láti èṣí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko ni mo fẹ́ bá yín sọ. Éékà mẹ́rin tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbin kajú sí lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, lábẹ́ àpáta, iná wọ ibẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Àwọn tó ń lé òyà ló tanná sí igbó, afẹ́fẹ́ sì gbé e wá. Ìlà mẹ́ta ló jó. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka ewé tútù lọ́wọ́, bí ẹni pé ewé lè pa irú iná bẹ́ẹ̀. Koríko tó ga dé àyà ló gbé iná wọlé. Àwọn tí à ń háyà láti ṣán an kò wá lásìkò, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ ń gun ọ̀kadà. Láti ìgbà náà ni oorun ò ti kùn mí bó ṣe yẹ. Bí ọyẹ́ mìíràn bá tún bá koríko nínú oko yẹn, ìlà mẹ́jọ tó kù á lọ, Rídwàn á sì kó ẹrù rẹ̀ padà wálé.

Marwa ló ní ká wá katakata àlòkù kan, èyí tí á máa gé koríko láàárín igi, tí á sì máa tu ilẹ̀ ẹ̀bá odò níbi tí mo ń gbin ata àti ẹ̀fọ́ sí. Tuntun kọjá agbára wa. Ó ní àwọn ti ayé àtijọ́ gan-an ló dáa, pé irin lásán ni wọ́n, kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú wọn tí á dédé kú, ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù á tún un ṣe. Mo ní ó dáa. Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó sọ ọ́ tán.

Bí ọ̀gá yín, Alàájì Suleiman, ṣe gbọ́ báyìí ló ránṣẹ́ pè mí. Ó ní katakata pupa tí ẹ wà fún òun ṣì wà lágbàlá òun níbí l'Ọ́kà, àwọn ènìyàn ti bẹ òun títí, òun ò tà á, ìyàwó Badmus ló tọ́ sí. Ọdún méjìdínlógún lẹ fi wa nǹkan yẹn, Bàbá Marwa, ẹ tulẹ̀ fún olóko títí dé Ìpè. Mo fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Aṣọ tí mo rán bo fóòmù rẹ̀ fún yín ṣì wà lórí rẹ̀, ó ti ṣá. Mo ṣáà ń mi orí, wọ́n sì ka mímì orí mi sí bẹ́ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ẹ mọ Bọ̀dá Abdulwaheed, ẹ̀gbọ́n yín. Nǹkan kì í tíì dé ilé kí wọ́n tó ṣe sàráà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti pe àáfà, wọ́n ti pe àwọn àgbà ẹbí, wọ́n tò yí katakata ká, wọ́n ṣe fàtíà lé e lórí, wọ́n pín àkàrà. Wọ́n kí mi kú oríire. Èmi náà dáhùn, mo jẹ àkàrà méjì. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò tíì wọn oko. Ẹ sì mọ ìlú yìí: ohun tí a bá ti ṣe fàtíà lé, ó ti di tẹni nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun ò mú un mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tàn káàkiri.

Marwa nìkan ni kò jẹ nínú àkàrà yẹn. Okùn ló mú lọ́wọ́. Ó wọn katakata láti etí táyà ẹ̀yìn kan sí ìkejì, ó ta kókó kan sí okùn náà. Ó wọn ọ́n láti ilẹ̀ dé orí ọ̀pá èéfín tó nà sókè níwájú, ó ta kókó kejì. Ó ní kí n ká lọ sí oko.

Ìlà àkọ́kọ́ ò gbà. Ìkejì ò gbà. Ẹ̀ka ti na ọwọ́ sí ẹ̀ka, abẹ́ wọn sì rẹlẹ̀. A wọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò síbì kan tó gbà. Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ṣebí ẹsẹ̀ ara yín lẹ fi wọn ìlà wọ̀nyẹn, ìgbésẹ̀ márùn-ún márùn-ún. Àwọn elétò ọ̀gbìn ní kí ẹ fi àyè sílẹ̀ dáadáa, ẹ ní ilẹ̀ ò ṣeé fi ṣòfò. Ẹ ní ọkọ́ àti àdá lẹ máa fi tọ́jú ẹ̀, pé ẹ ti wa katakata nínú oko olóko tó, ẹ ò ní gbé e wọ tiyín láéláé. Ọkùnrin tó tu oko gbogbo ayé, oko tirẹ̀ ni katakata ò lè wọ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, omi sì ń dà lójú mi.

Ká tó lè lo tiyín, a ní láti bẹ́ ìlà kan láàárín méjì. Ìlà mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Ohun tí iná ò tíì ṣe, àwa á fi áàkè ṣe é. Èyí tó tún ń já mi láyà ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ àpáta yẹn. Katakata tó ga, ilẹ̀ tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, òkúta tó sá pamọ́ sínú koríko, ọmọ wa lórí ìjókòó. Mo ń rí i lójú ara mi pé ó ń dojú dé, lójú ọ̀sán gangan, bí mo ṣe ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì kan n'Íkàrẹ́, Stephen, ló fi katakata búlúù kékeré kan hàn wá. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló ń fi gé pápá bọ́ọ̀lù nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge. Ó kúrú, ó fún, ọ̀pá èéfín rẹ̀ gba abẹ́ ikùn. Ó rí bí ewúrẹ́ tó ti bímọ jù. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí ẹ máa ń sọ, pé kéèyàn má ra ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná dè é. Àárọ̀ kùtù la lọ. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó tutù. Stephen tan án, ó húkọ́, ó kú. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó dáhùn. Èéfín funfun tú jáde díẹ̀, ó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Marwa fa irin tí wọ́n fi ń wo òíìlì yọ, ó ní dúdú ni, kò rí bí wàrà, omi ò wọnú rẹ̀. Ó wo irin ẹ̀yìn tó ń yí abẹ tí wọ́n fi ń gé koríko, ó ń yí. Táyà iwájú kan ti sán. Stephen fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé páàtì rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, bí nǹkan kan bá kú nínú ẹ̀, a lè wá a dé Ìbàdàn. Òtítọ́ tó sọ yẹn ló wá kó mi láyà jẹ. Ti pupa yín, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ ìfun rẹ̀ l'Ọ́kà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mò ń lọ sí oko, mò ń fọwọ́ kan igi kan tẹ̀ lé ìkejì. Tí mo bá mú tiyín, mo pa igi yín. Tí mi ò bá mú un, mo kọ̀ yín lójú ìlú. Koríko sì ń gbẹ.

Mo wá lọ bá àáfà. Mo ní ẹ dákun, ṣé fàtíà ṣeé dá padà? Wọ́n ní irin kì í ṣe mùsùlùmí, pé ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín làwọn ṣàdúà fún lọ́jọ́ náà, àdúà ọ̀hún á sì bá wa lọ síbikíbi tí a bá yà sí. Wọ́n ní àkàrà yẹn náà sì dùn.

Ti Bọ̀dá Abdulwaheed ló le. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Inú bí wọn, wọ́n ní mo fẹ́ dójú ti òkú àbúrò àwọn. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo gbé okùn síwájú wọn, mo ní kí wọ́n bá mi ká lọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn na okùn náà nínú ìlà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kan ò yọ̀ǹda. Wọ́n dúró, wọ́n nu ojú, wọ́n ní Badmus ò gbọ́ràn láti kékeré. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Búlúù la mú, Bàbá Marwa. Ọjọ́ mẹ́ta ni Marwa fi gé gbogbo koríko náà. Ó ń gba abẹ́ ẹ̀ka kọjá, àfi kó tẹ orí ba. Ó tu ilẹ̀ yí oko ká kí iná má rí ohun tó máa gbà wọlé. Abẹ kan fọ́ lára òkúta, Stephen jó o padà. Gbogbo ìgbà tó fi ń wà á, etí oko ni mo dúró sí, mò ń kígbe pé rọra, rọra, kò sì gbọ́ mi nínú ariwo ẹ́ńjìnnì. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ì bá gbọ́ náà, kò ní rọra.

Ẹ má rò pé ọkàn mi ti balẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú lówùúrọ̀. Mi ò lè jẹun tán láì yọjú wo ẹ̀yìn àpáta bóyá èéfín wà níbẹ̀. Lánàá, ọ̀kan wà, mo sáré débẹ̀, àwọn tó ń dín gààrí ni. Ṣé mo ṣe é dáadáa? Ká ní ẹ wà, ẹ ó ti dá mi lóhùn, èmi ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ti ní mi ò mú un mọ́, Alàájì Suleiman ta pupa yín fún àwọn àgbẹ̀ Afin. Iwájú ilé wa ni wọ́n gbé e gbà lọ, lẹ́yìn ọ̀sán. Mò ń sá ata lọ́wọ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, mi ò sì ronú kankan. Mo dìde. Mo wọlé, mo bu omi sínú kẹ́tùlù, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ rí i fọ ẹsẹ̀. Mo ti ń pe Marwa pé kó gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá, bí ẹni pé àná lẹ lọ.

Katakata náà kọjá. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló jókòó sórí aṣọ tí mo rán.

Marwa jáde síta, ó rí kẹ́tùlù, ó jókòó tì mí. Mi ò lè da omi yẹn nù. Mo fi ṣe àlùwàlá, mo kírun alásárì, mo sì bẹ Ọlọ́hun kó fẹ ibùsùn yín lójú, kó sì tanná sí i fún yín. A nífẹ̀ẹ́ yín, a ò sì tíì mọ bí a ṣe ń ṣe láìsí yín. Ọdún mẹ́rin rèé, ọkọ mi, ẹsẹ̀ mi ṣì ń dìde láti wá pàdé yín.

Limota, ìyàwó yín, pẹ̀lú Marwa àti Rídwàn, l'Ọ́kà Àkókó.