Omi Kànga Kan Nínú Ìgò Méjìlá

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré, àkọ́bí tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga,

Mo kí ọ o. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí dé, o kú àárọ̀, bó bá jẹ́ alẹ́ ni, o kú alẹ́, bó bá sì jẹ́ ìdí àwọn ìgò rẹ yẹn ló ti bá ọ, o kú iṣẹ́, torí n ò fẹ́ kí ìkíni kankan fò ọ́. Ṣé ara le? Ṣé ojú tí o fi ń wo omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ta ọ́? Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ojú náà. Ohun tí o bá ń wá á máa wá ọ bọ̀, ẹ ó sì pàdé lọ́nà.

Gbogbo wa wà. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ bó bá ń dìde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ, nípa bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ara ẹ̀ yá. Àbúrò rẹ ti wà lọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ti jó ẹ̀wù méjì, ó ní òun ń kọ́ṣẹ́. Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ó sì jẹ lẹ́tà tí o kọ sí wa kẹ́yìn, torí náà bí mo bá gbàgbé láti dáhùn ohun kan nínú ẹ̀, ewúrẹ́ ni kó o bi. Àwọn ọmọ káfíńtà tún ń ṣu gbuuru. Ìyá wọn ní eyín ló ń hù, mo sì bi í pé ọmọ ọdún mẹ́jọ wo ni eyín ń hù fún láti oṣù kẹta.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn ńkọ́? O rò pé n ò gbọ́? Ìyá rẹ ló gbé fóònù o, ó sì gun orí àpótí kí ohùn ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ dáadáa, nípa bẹ́ẹ̀ gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. O ní ọ̀gá rẹ sọ pé èsì omi kànga méjìlá abúlé wa tí o kọ sílẹ̀, inú yàrá lo jókòó sí tí o fi ro ó. O ní lọ́jọ́bọ̀ àwọn àgbà yunifásítì á pè ọ́ síwájú, bí o ò bá sì rí àlàyé ṣe, wọ́n á lé ọ, ọdún mẹ́ta á sì lọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Èmi jẹun, ṣùgbọ́n inú bí mi sí oúnjẹ náà.

Má sunkún mọ́. Mo ti rí ẹni tó ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Inú ilé wa níbí ló wà, kì í sì í ṣe ìyá rẹ, kì í sì í ṣe ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá sọ ọ́ báyìí, o ò ní ka ìyókù, mo sì ti ra báírò tuntun nítorí ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo dé fìlà, mo wọkọ̀, mo wá sí yunifásítì yín. N ò sọ fún ọ, torí ẹni tó ń lọ jà kì í ránṣẹ́ síwájú. Mo ti to gbogbo èébú tí mo máa bú ọ̀gá rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dé géètì, igi kan dábùú ọ̀nà, ó dìde fúnra ẹ̀ fún mọ́tò kan, ó sì tún sùn padà nígbà tó kan èmi. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Orúkọ, mo kọ ọ́. Iṣẹ́, mo kọ agbẹ́kànga. Wọ́n wá bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ṣé inú ìwé ni kí n wá parọ́ sí? Mo kọ “ìjà.” Ibi tí wọ́n ti béèrè ìgbà tí mo máa parí, mo kọ “nígbà tó bá tọrọ àforíjì.”

Ọ̀gá onígéètì, àgbàlagbà bíi tèmi, ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá kà á, ó wá ká a sápò. Ó mú òmíràn, ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ “àbẹ̀wò” sí i. Ó ní òun fúnra òun máa sin Bàbá Oníjà lọ kí ìjà náà má baà ṣìnà. Ó fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n kọ ÀLEJÒ sí i gàdàgbà. Ọmọ mi, káàdì yẹn lágbára! Gbogbo ilẹ̀kùn gíláàsì tí mo bá ti dojú kọ, fìrì, á là, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn bí mo ṣe ń kọjá. Onígéètì ní kì í ṣe nítorí káàdì. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ti ilé wa kì í ṣí?

Ó ní nígbà tí òun dé ibẹ̀, irùngbọ̀n òun ò tíì hù. Ilé méjì ló wà nínú igbó àti àgọ́ onípáànù kan, bí òjò bá ń rọ̀, olùkọ́ á dákẹ́ títí á fi dá. Awò kan ṣoṣo ni wọ́n ní, èyí tí wọ́n fi ń wo kòkòrò tí ojú lásán ò rí, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń tò sí i bí wọ́n ṣe ń tò sídìí kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á máa pariwo pé ṣé ìwọ nìkan ló lójú ni. Mo rò pé ó ń tàn mí, àfi ìgbà tí mo rí fọ́tò ẹ̀ lára ògiri, àgọ́ náà rèé, ìlà náà rèé, àti ọmọkùnrin kan tí kò nírùngbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà.

Kí ni wọ́n wá sọ ọ́ dà yìí? Ilé lórí ilé. Wọ́n kan orúkọ mọ́ igi lára bí ẹni pé igi á sọnù. Ilé gíláàsì kan wà tó jẹ́ ewé nìkan ló ń gbé inú ẹ̀, wọ́n sì ń tan iná fún wọn. Ilé kan wà tí orí ẹ̀ rí rogodo, wọ́n ní ó máa ń la orí ọ̀hún sí méjì láti wo ìràwọ̀. Èkúté ní ilé tiwọn, wọ́n ní ibùsùn, wọ́n ní dókítà, o sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kó o tó rí wọn. Èkúté! Èkúté tó jẹ fìlà ìgbéyàwó mi! Mo bi onígéètì pé ṣé àwọn tiwa mọ̀ pé ibí yìí wà.

Ọmọkùnrin méjì ń fa ọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀, wọ́n gbóná débi pé mo rò pé ààlà ilẹ̀ ni, mo sì ti ń ká apá aṣọ kí n là wọ́n. Onígéètì ní ìṣirò ni. Ọmọ mi, mo dúró wò wọ́n. Èkíní bá wo ilẹ̀, ó ní òun ló ṣì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tó he nǹkan. N ò tíì rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Mo bínú sí i díẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jà ni?

A dé ilé tiyín. Wọ́n fi ọ̀rá bọ bàtà mi lẹ́sẹ̀, èmi tí ẹrẹ̀ gbogbo àgbáyé ti kọjá lórí ẹ̀. Mo sì rí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí ọ láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn. O wọ kóòtù funfun, o gbé orí lé apá lórí tábìlì, àwọn ìgò méjìlá wa wà níwájú rẹ, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Mo rò pé o ń sùn. Èjìká rẹ wá mì. N ò lè wọlé.

Ọ̀gá rẹ, ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé obìnrin kúkúrú ni? Ọkùnrin oníkùn ńlá ni mo to èébú sílẹ̀ fún, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá a mu. Ó ń jẹ búrẹ́dì nídìí fèrèsé. Mo pariwo lé e lórí bó ti wù kó rí. Mo ní ọmọ tèmi kì í purọ́, mo ní òun ló fẹ́ jí iṣẹ́ ọmọ mi, mo ní àwọn tó kọ́ obìnrin yẹn níwèé ò kọ́ ọ dáadáa. Kò bínú. Ó fa àpótí fún mi, ó ní kí n jókòó, ó ní inú òun dùn pé ẹnì kan wá láti ìdí àwọn kànga náà, ó wá mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ yẹn ò ju àpótí aṣọ lọ. Ó ní omi máa ń lá gbogbo ohun tó bá gba ara ẹ̀ kọjá, òkúta, iyanrìn, irin, ẹ̀rọ náà á wá ka ohun tí omi lá. Ó fi ìwé hàn mí, ìlà méjìlá, gbogbo wọn ga bákan náà bí ọmọ iléèwé tó tò lórí ìlà. Ó ní kò sí abúlé náà láyé yìí tí omi kànga méjìlá á ti rí bákan náà. Ó ní yálà ọmọ mi jókòó ro ó ni, tàbí láti kànga kan ṣoṣo ni gbogbo omi yìí ti wá. Ó fi ìka tẹ ìlà kan, ó ní kànga tó ni omi yìí jìn, ó gba àárín òkúta funfun, irin inú ẹ̀ sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ.

Mo mọ kànga náà. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa ni. Mo ń gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, mo ti la òkúta funfun kọjá, omi ti ń yọ, ni mo gbọ́ ẹkún rẹ lókè. Dígà tí mo fi ń gbẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ títí dòní. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí dígà ẹni ẹlẹ́ni ni. Ẹ̀rọ tí kò dé abúlé wa rí, tí kò ní ojú, tí kò ní etí, rí dígà náà! Mo yọ fìlà fún un.

Ìyá mi kékeré, èmi ni.

Nígbà tí o fi ìgò méjìlá rán awakọ̀, pé kí a bu omi kànga kọ̀ọ̀kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo rò pé àwọn àgbà yunifásítì ló fẹ́ mu ún. Ta ló ń bu omi ẹrẹ̀ fún àlejò? Nọ́ńbà kẹsàn-án pọ́n, nọ́ńbà kẹrin lẹ́bàá káfíńtà ń rùn díẹ̀, èmi ni mo sì gbẹ́ méjèèjì. Ìyá rẹ ní kí n ṣe bí o ṣe wí. Mo ní ṣé kí wọ́n máa bú mi nílùú ńlá ni? Mo fi ọṣẹ fọ ìgò méjèèjìlá, mo fi aṣọ funfun sẹ́ omi ẹ̀yìnkùlé, mo rọ gbogbo wọn kún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín tàbí á pe ọlọ́pàá. Ó kàn bi mí pé ta ló ń mu omi nọ́ńbà kẹrin. Mo ní káfíńtà àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ó bi mí nípa ara àwọn ọmọ náà. Mo ní ara wọn le, àfi pé wọ́n ń ṣu gbuuru láti oṣù kẹta. Ó gbé búrẹ́dì ẹ̀ sílẹ̀. Kò gbé e mọ́. Ó ní ohun tí ọmọ mi ti ń wá láti ọdún mẹ́ta rèé, kànga tó ń pa èèyàn lára, kí a lè mọ̀ ọ́n kó tó pa ẹnì kan. Ó ní èmi ti fi omi dáadáa bo ojú ẹ̀.

Ọmọ mi, mo ti wà nísàlẹ̀ kànga tí okùn já. Kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó fún mi níwèé, mo kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi èédú kọ́ ní ìwé kíkọ lórí ìdérí kànga, mo sì fọwọ́ sí i. Ó ní òun máa kà á lọ́jọ́bọ̀, wọn ò sì ní lé ọ. Ṣùgbọ́n èsì méjìlá yẹn ti dànù, wàá tún un bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má tíì sọ fún ọ, kó jẹ́ kí ẹnu tèmi sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé e dé ọwọ́ rẹ ṣáájú ọjọ́bọ̀, mo ti ṣèlérí fún un pé ìyá rẹ á gun àpótí pè é bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ti ru ẹ̀bi tèmi, jẹ́ kí n gbé tìrẹ náà fún ọ. Kí ló dé tó jẹ́ awakọ̀ lo fi ìgò rán? Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ náà ní ẹni tó ń kọ́ nípa omi, òun ló yẹ kó fà á. Ọdún mẹ́ta! O mọ ilé èkúté, o ò mọ̀ pé àbúrò rẹ ti ga jù ọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo dúró sídìí kànga, ṣé màá lè yí i pa dà lójú rẹ?

Bí mo ṣe dé, mo fi páànù bo nọ́ńbà kẹrin, mo gbé òkúta lé e. Káfíńtà fẹ́ bá mi jà, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó bú mi níwájú ìyàwó ẹ̀, ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. N ò fèsì. Ìyá rẹ fọwọ́ kan orí mi wò bóyá ibà ni. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń pọnmi báyìí.

Nítorí náà, wá. Gbé ìgò méjìlá mìíràn dání, má fi rán ẹnikẹ́ni. Fi owó díẹ̀ sí i fún okùn tuntun àti garawa, torí èyí tó wà nílẹ̀ ò ní lè gbé ìtìjú mi àti omi pọ̀. Bá wa tọrọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń bọ bàtà yẹn, ìyá rẹ fẹ́ lò ó nígbà òjò. Nọ́ńbà kẹrin ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ló gbẹ́ ẹ, èmi ni màá fà á, ìwọ ni wàá dì í mú, kí ẹ̀rọ sọ ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ nípa mi.

Ibi tí o bá gbẹ́, o ò ní kan àpáta. Okùn rẹ ò ní já, ẹni tó wà lókè ò ní gbàgbé rẹ nísàlẹ̀. Ohun tó mọ́ lo máa fà jáde, ayé á sì mu ún, ara wọn á le.

Èmi ni bàbá rẹ, agbẹ́kànga tí ẹ̀rọ mú.