Àwo Mẹ́ta Láyà Ọ̀pọ̀lọ́

Ilé Ìtajà Izutsuya,
Àdúgbò Àwọn Tó Ń Ta Àwo,
Ọ̀sákà.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje,
Ọdún Tenpō kẹtàlá.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Adájọ́ Ìlú,
Ọ̀sákà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ RÁN ẸNI TÍ YÓÒ SỌ ÀWO MẸ́TA KALẸ̀ NÍWÁJÚ ILÉ WA

Èmi Riyo, ìyàwó Seishichi tó ń ta àwo, ni mo kúnlẹ̀ kọ ìwé yìí. Ẹ̀rù ń bà mí; ẹ má fi kíkọ wúruwùru mi bínú.

Òfin kò gba àwa oníṣòwò láyè láti wọ ṣẹ́dà tàbí kọ́ ilé gíga. Ìdí nìyí tí àdúgbò wa fi ń fi ọjà ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ọdún Jizō, òrìṣà tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, bá dé, olúkúlùkù a fi ohun tó ń tà mọ ère ńlá síwájú ilé. Bàbá ọkọ mi a máa wí pé, "Bí wọn ò bá jẹ́ kára wa dán, iwájú ṣọ́ọ̀bù wa á dán."

A kì í dá àwo lu, a kì í fi àtè lẹ̀ ẹ́, torí a ṣì máa tà á lẹ́yìn ọdún. Okùn koríko nìkan la fi ń so ó. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ọkọ mi ṣe lọ́dún yìí. Àwo kan ṣoṣo kò dúró láyà rẹ̀, ló bá so mẹ́ta pọ̀, àwo roboto tí wọ́n ya ewé kókò kọ̀ọ̀kan sí.

Ẹ̀ṣọ́ yín kan ń kọjá, ó gbójú sókè, ó figbe ta: "Ta ló gbé àmì Ṣógun sáyà ọ̀pọ̀lọ́?"

Ìgbà yẹn làwa náà tó rí i. Ewé mẹ́ta tó forí kora, àmì olórí gbogbo ilẹ̀ wa ló jọ lóòótọ́! Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá mi, ewé kókò ni, ẹ jẹ́ n tú ọ̀kan wálẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó." Ẹ̀ṣọ́ ní, "Fọwọ́ kàn án, kí n rí ọ! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án." Wọ́n dè é lọ.

Umekichi, aládùúgbò wa, sọ fún mi pé, "Ìyàwó Seishichi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí mi níta mọ́. Orí kan ṣoṣo ni mo ní."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, òjò ti ń rọ̀ láti àná, okùn náà sì ti ń rà. Bí mo bá sọ àwo náà kalẹ̀, mo ti rú òfin yín. Bí mo bá fi í sílẹ̀ tó já, wọn yóò ní àmì Ṣógun ló fọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, ọkọ mi kò sì ní padà wálé láéláé. Mo ti kó gbogbo ibùsùn wa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣàánú mi, ẹ rán ẹnìkan wá lónìí. Ọ̀kan nínú àwo náà ti ń mì.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ni tiyín, tí mo na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ àwo,
Riyo,
Ìyàwó Seishichi, Ilé Ìtajà Izutsuya.